Wọ́ọ̀dù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Dùbúlẹ̀ Sí

Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti fi iyọ̀ tiwọn sí i, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ yìí ò fẹ́ iyọ̀ rárá.

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba fi ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń múra sílẹ̀ de àjàkálẹ̀ àrùn. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbáradì ni tilé-toko ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ, ìbáà ṣe pé omi ló fẹ́ mu, tí kò ní fi "a ti gbáradì" dé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun.

Oyè rẹ̀ ní kíkún nìyí, ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó kà á: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìgbáradì, Ìdènà, Ìdojúkọ àti Ìṣẹ́gun Gbogbo Àjàkálẹ̀ Àrùn, Èyí Tó Ti Dé, Èyí Tó Ń Bọ̀, àti Èyí Tí Kò Tíì Pinnu. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìparí yẹn kún un lọ́jọ́ kan tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Aago mẹ́wàá ni Gbáradì máa ń dé ibi iṣẹ́. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fọn fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Igbákejì rẹ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti rọ̀ nítorí orí mímì. Bẹ́ẹ̀-gan-an là ń pe ìyẹn. Bí Gbáradì bá ní oòrùn mú lónìí, á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà." Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀gá tó panu dé, tí ọ̀gá ní ṣebí òun ti sọ pé òjò ń bọ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

Pátákó ńláńlá mẹ́fà ló wà káàkiri ìlú, tí àwòrán Gbáradì fẹ̀ sórí wọn, tó na ìka sí ẹni tó ń kọjá bí ẹni pé olúwarẹ̀ jí nǹkan. Lábẹ́ bàtà rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà tẹlifóònù pàjáwìrì sí: ẹ pè wá tọ̀sán-tòru. Tẹlifóònù náà wà lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Inú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé ló wà, wọ́n fi tówẹ̀lì wé e, nítorí pé bó bá ń dún, kì í jẹ́ kí ọ̀gá gbádùn ọ̀rọ̀ tó ń fi dánra wò níwájú dígí.

Ó wá ṣe, lẹ́tà dé pé àwọn olùbẹ̀wò mẹ́rin ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n fẹ́ wo bí ìlú ṣe múra sílẹ̀ tó bí àrùn tó ń ràn bá dé lójijì, wọn yóò sì fún un ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Inú Gbáradì dùn débi pé ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó pe ìpàdé. Ó ní wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀ tó wà nílé ìwòsàn ńlá gbọ́dọ̀ máa dán títí àwọn àlejò yóò fi dé, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ló wà níbẹ̀, ó ní kí ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù wọn ṣì wà lára rẹ̀, kí eruku má bà á jẹ́. Ó kó gbogbo ìbọ̀wọ́ tó wà ní sítọ́ọ̀, ó ní kí wọ́n tò ó sínú àpótí onígíláàsì bí ilé gogoro, kí ó rí ṣóńṣó lókè. Ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn ara rẹ̀ lábẹ́ táì. Nígbà tí ẹnì kan ní ẹ̀rọ omi tó wà níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́, Gbáradì bi í pé ṣé àlejò wá mu omi ni àbí wọ́n wá wo ẹ̀rọ. Wọ́n kun ẹ̀rọ náà ní àwọ̀ fàdákà.

"Àrùn máa ń bẹ̀rù ètò," Gbáradì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Bó bá dé ẹnu ọ̀nà tó rí ètò, á padà sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà," ni igbákejì rẹ̀ wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àrùn kan wà tí kò tíì gbọ́ nípa ètò náà. Aránṣọ kan wọ ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ibà tí oògùn ò ràn, lọ́jọ́ kejì ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní imú rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sáré lọ sídìí tẹlifóònù. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì títí ọwọ́ fi ń ro ó. Tówẹ̀lì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó wá kọ lẹ́tà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú bírò pupa: oyè ọ̀gá ò pé. Ó kọ èkejì, ìyẹn náà padà, torí ó fo "Èyí Tí Kò Tíì Pinnu." Òfin ọ́fíìsì sì ni pé lẹ́tà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan péré, èyí tí wọ́n gé kéékèèké kí ó má bàa rẹ ọ̀gá lójú. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù kọ oyè náà dópin nínú lẹ́tà kẹta, ìlà kan ṣoṣo ló kù fún un. Ó kọ síbẹ̀ pé: Aránṣọ kan ń ṣẹ̀jẹ̀, ó jọ àrùn tó ń ràn, ẹ fún wa ní ìbọ̀wọ́.

Gbáradì ka lẹ́tà kẹta yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde káwọn òṣìṣẹ́ yòókù lè rí bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí àgbà. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kan ìṣó mọ́ ìlà ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ náà ni aránṣọ kú. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ káfíńtà ló wá gbé e, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun náà ló kan pósí rẹ̀, torí aránṣọ ò lẹ́bí nítòsí. Inú rere ni. Ẹni tí ì bá sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án ṣì ń wá ìbọ̀wọ́ kiri.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá láìsí èsì, Mátírọ́ọ̀nù wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bá Gbáradì fúnra rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó kí wọ́n tó ní kó wọlé.

"Sà, ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn ni mo bá wá."

"Aránṣọ wo?"

"Èyí tó kú, sà."

"Tó bá ti kú, kí ló tún fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-gan-an dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Àwa tó tọ́jú ẹ̀ la fẹ́ lò ó, sà. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì là ń so mọ́ ọwọ́. Ẹ ṣí wọ́ọ̀dù yẹn fún wa, ẹ fún wa ní páálí ìbọ̀wọ́ kan péré."

Gbáradì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé béèrè òṣùpá lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí a bá yọ ọ̀kan nínú ilé gogoro yẹn, gbogbo ẹ̀ ló máa wó. Ọjọ́bọ̀ làwọn àlejò ń bọ̀. Àrùn tó bá fẹ́ dé, sọ fún un kó dé lọ́jọ́ Ẹtì."

Mátírọ́ọ̀nù dìde. Ó ní, "Ó dáa, sà. Bí mo bá rí i, màá jíṣẹ́ yín fún un." Ó sì lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbáradì wọ kóòtù funfun kan tí ó fi ránṣẹ́ rà nítorí ọjọ́ náà. Ètò rẹ̀ ni pé òun yóò ṣe ìdánrawò lójú àwọn àlejò. Wọ́n ti háyà òṣèré kan tó jẹ́ ìbátan ìyàwó Bẹ́ẹ̀-gan-an, tí yóò wọlé ní aago mọ́kànlá nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, tí yóò máa gbọ̀n bí aláìsàn. Gbáradì yóò gbá a mọ́ra kí ayé lè rí i pé òun ò bẹ̀rù, àwọn oníròyìn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì lọ jẹun. Àwọn olùbẹ̀wò jókòó sínú wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀ náà, olórí wọn jẹ́ obìnrin onígíláàsì ojú kan tí kò rẹ́rìn-ín, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí ìyẹ̀fun pákó bò, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n koko, ìyàwó rẹ̀ fi èjìká gbé e. Káfíńtà wa nìyẹn o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ó sì darí rẹ̀ síbi tí wọ́n ti sọ fún un pé kó darí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù sí.

"Ẹ gbà wá," ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. "Ọkọ mi ń kú lọ."

Gbáradì fi ìgbọ̀nwọ́ gún igbákejì rẹ̀. "Ó tún mú ìyàwó dání. Ìbátan ìyàwó rẹ yìí mọṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀-gan-an mọ ìbátan ìyàwó rẹ̀ bí ẹní mowó. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí kọ́. Ó lanu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án tó ti fi ń mi orí kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnu tí kò bá ti rìn lọ́nà mìíràn rí kì í mọ ọ̀nà náà lọ́jọ́ kan. Ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

Gbáradì bọ́ síwájú. Ó di káfíńtà mú ní èjìká, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin àlejò ọlọ́lá, ẹ wo aláìsàn yìí. Ní àwọn ìlú kan, wọn yóò sá fún un. Ní tiwa, a dúró dè é. Kí ibà tó mú un la ti mọ orúkọ ibà náà. Kí ó tó gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ń gbọ̀n de é. Mo sọ fún yín, kò sí kòkòrò àrùn kan, ìbáà kéré bí orí abẹ́rẹ́, ìbáà tóbi bí erin, tó lè gba ojú mi kọjá."

Ó gbá káfíńtà mọ́ra. Èébì ti ń gbé káfíńtà láti ẹnu ọ̀nà, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bì sára kóòtù funfun náà, láti ọrùn dé àpò.

Ẹlòmíràn ì bá fò sẹ́yìn. Ojú Gbáradì tàn. "Ẹ rí i? Kò sí ohun tí a ò fi sí i."

Mátírọ́ọ̀nù ti sáré wọlé láti wọ́ọ̀dù kejì. "Sà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Káfíńtà tó kan pósí aránṣọ rèé."

"Mátírọ́ọ̀nù pàápàá ti kọ́ tiẹ̀ sórí," ni Gbáradì sọ fún àwọn àlejò. Ó wò yíká, ó rí obìnrin kan tó di ìgbálẹ̀ mú, tó dàgbà tó ìyá rẹ̀. "Ìwọ, wá nu ibí yìí kíá."

Ìyá Agbálẹ̀ wo ilẹ̀, ó wo àpótí onígíláàsì. "Ìbọ̀wọ́ ńkọ́, sà?"

"Ti àfihàn nìyẹn."

Ó fa ọ̀rá búrẹ́dì kan yọ lápò. Gbáradì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó pa eyín pọ̀. "Má fi ọ̀rá búrẹ́dì dójú tì mí níwájú àlejò."

Obìnrin náà dá ọ̀rá rẹ̀ padà sápò. Ó kúnlẹ̀, ó fi àkísà àti ọwọ́ lásán nu ún.

Ibi tó ń nù ún dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn tún ṣí. Ọkùnrin kan yọjú nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ó ń làágùn. "Ẹ má bínú," ó ní. "Táyà mọ́tò ló bẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣé kí n máa gbọ̀n lọ báyìí, àbí kí n kọ́kọ́ jókòó?"

Olórí àwọn olùbẹ̀wò wo ṣẹ́ẹ̀tì búlúù àkọ́kọ́, ó wo èkejì. "Ta wá ni èyí tí ẹ gbá mọ́ra?" ló béèrè.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún mọ́kànlá tó ti wà lórí oyè, Gbáradì wá ẹni tí yóò bá a dáhùn. Ó yíjú wo igbákejì rẹ̀. Ìyẹn ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi ilẹ̀kùn.

Mátírọ́ọ̀nù kò dúró de kọ́kọ́rọ́. Ó gbé irin tí wọ́n fi ń gbé omi ara, ìyẹn dírípù, kọ́, ó fi fọ́ àpótí onígíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé gogoro wó lulẹ̀, ìbọ̀wọ́ sì kún ilẹ̀ bí ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó pín in, ó ní kí gbogbo ènìyàn fọwọ́. Olórí àwọn olùbẹ̀wò lọ síbi ẹ̀rọ omi aláwọ̀ fàdákà, ó yí i. Ẹ̀rọ náà yọ kúrò lára ògiri, ó sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lórí tábìlì, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ẹni tó bá fara kan ọkùnrin yìí tàbí èébì rẹ̀ láìfi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa lò níbí," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ìyàwó ẹ̀, Ìyá Agbálẹ̀, àti ẹ̀yin, sà."

"Èmi? Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìgbáradì, Ìdènà, Ìdojúkọ àti Ìṣẹ́gun Gbogbo Àjàkálẹ̀ Àrùn, èyí tó ti dé, èyí tó ń bọ̀, àti èyí tí kò tíì pinnu," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, kò mí láàárín. "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo ti kọ ọ́ rí. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni tiyín."

Báyìí ni Gbáradì ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sùn ní wọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ó pe mínísítà lórí fóònù, wọ́n ní mínísítà wà ní ìpàdé. Ìpàdé náà gba ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí omi korobá tán lọ́jọ́ kejì, inú bí i, ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì tirẹ̀ láti fẹjọ́ sùn. Ó ń dún, ó ń dún. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló rántí ibi tó ń dún sí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ keje, nọ́ọ̀sì kan tan rédíò. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ tí wọn kò tètè dá mọ̀, torí wọn ò gbọ́ kó sọ gbólóhùn tó gùn rí. Bẹ́ẹ̀-gan-an ni. Ìjọba ti yọ Gbáradì, wọ́n sì ti fi igbákejì rẹ̀ dí àyè. "Ojoojúmọ́ ni mo ń gbà á nímọ̀ràn," ló ń wí. "Mo ń ta kò ó lójúkojú. Kò gbọ́." Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Máàkì náà jáde lọ́jọ́ yẹn kan náà: mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún. Olórí àwọn olùbẹ̀wò kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jẹ́ ti obìnrin tó fọ́ gíláàsì. Olórí olùbẹ̀wò yìí náà ló ti fi fóònù ránṣẹ́ sí òkèèrè tí oògùn gidi fi dé láàárín ọjọ́ mẹ́rin, oògùn tó padà gbé káfíńtà dìde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ibà mú Ìyá Agbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dín ẹ̀rín kù díẹ̀ níbí. Wọ́n gbé e lọ sí bẹ́ẹ̀dì tó wà lódìkejì gíláàsì tó pín wọ́ọ̀dù náà sí méjì, ní iwájú Gbáradì gan-an. Gbáradì ń kọ ọ̀rọ̀ olójú ewé mẹ́rin tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ tó bá jáde. Ó gbójú sókè, ó rí i bí obìnrin náà ṣe ń gbọ̀n, tí kò sì pariwo. Gbáradì ti rí ẹni tó ń gbọ̀n lọ́jọ́ àfihàn, ó sì ti yìn ín. Èyí kò ṣe é yìn. Ó pa ìwé náà dé.

Ní ọ̀sán, nígbà tí ara tu obìnrin náà díẹ̀, Gbáradì súnmọ́ gíláàsì. "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹ ṣàkíyèsí pé "ẹ" ló lò. "Ó tó ìgbà wo tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ọdún mẹ́tàdínlógún, sà."

"Mo máa ń wá síbí dáadáa. N kò rí yín rí."

"Ilẹ̀ lẹ máa ń rí, sà. Ẹ ṣáà rí i pé ó mọ́."

Gbáradì tún súnmọ́ gíláàsì sí i. "Èmi ni mo ní kí ẹ má lo ọ̀rá yẹn."

"Mo wà níbẹ̀, sà," ni Ìyá Agbálẹ̀ wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Gbáradì bẹ Mátírọ́ọ̀nù pé kó fún òun níṣẹ́. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n lè fún un ju pé kó máa wo omi ara tó ń kán sínú iṣan obìnrin náà, bó bá ti fẹ́ tán, kó fi ṣíbí lu irin bẹ́ẹ̀dì kí nọ́ọ̀sì wá. Ó gbé àga sídìí gíláàsì. Ó wò ó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ méje gbáko, kò sọ̀rọ̀, kò sinmi, kò jẹ́ kó tán lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe parí láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn, kò sì sí oníròyìn kankan nítòsí.

Ìyá Agbálẹ̀ ò kú. Gbáradì pàápàá ò ṣàìsàn. Nígbà tí ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, ó jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mọ́tò kankan ò fọn fèrè dè é, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí àwòrán rẹ̀ ti kúrò lórí pátákó, ojú ń dun ìyàwó rẹ̀, ó mú un wá sí ilé ìwòsàn. Mátírọ́ọ̀nù ti gbé agbada omi àti ọṣẹ sẹ́nu géètì, òfin sì ni pé ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ fọwọ́. Ìlà náà gùn dé títì. Àṣà ò ṣe é fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan: Gbáradì fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọjá lára gbogbo ènìyàn, ó gba iwájú lọ.

Obìnrin kan tó ti rù díẹ̀ jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.

"Ìlà wà, sà," ló wí.

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wo ìlà. Ó padà sẹ́yìn pátápátá, ó dúró lẹ́yìn obìnrin kan tó pọn ọmọ. Nígbà tó kàn án, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó yára gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ máa lọ.

"Àárín ìka, sà," ni Ìyá Agbálẹ̀ wí.

Ó wẹ̀yìn. Àwọn tó wà lórí ìlà ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ó mú ọṣẹ, ó tún un fọ̀.